Ọ̀nì Ńlá ti Aginjù Ténéré, àti Ẹ̀rí tí Egungun Rẹ̀ Ń Jẹ́

Bí àlejò kan bá wọ ilé yín, tí ó sì wí fún yín pé òun ti rí egungun ọ̀nì ní àárín aginjù, ní ibi tí omi kò sí fún ìrìn ọjọ́ púpọ̀, tí koríko kò hù, tí ẹyẹ pàápàá kì í fẹ́ bà sí, kò sí àní-àní pé ẹ ó wo ojú ara yín, ẹ ó sì wí nínú ọkàn yín pé òpùrọ́ ni ọkùnrin náà. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọmọ omi ni ọ̀nì. Inú odò ni ó ń gbé, inú odò ni ó ti ń jẹun. Bí ó bá sì jáde wá yá oòrùn ní bèbè, kì í jìnnà sí ọ̀nà tí yóò gbà padà sínú ibú. Síbẹ̀ òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ àlejò náà. Egungun ọ̀nì wà nínú aginjù náà nítòótọ́, kì í sì í ṣe egungun irú ọ̀nì tí àwọn apẹja wa ń rí. Agbárí ẹranko yìí nìkan gùn tó ìdúró obìnrin kan láti orí dé ẹsẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lórí ẹranko náà. A mọ̀ pé bàbá yóò ka ìwé yìí sókè fún ìyá àti àwọn ọmọ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, àwọn ọmọdé yóò sì fẹ́ mọ bí eyín rẹ̀ ti pọ̀ tó, àti irú ohun tí ó ń pa jẹ. A ó sọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa gbé kálámù ju ìyẹn lọ. Ẹlẹ́rìí ni egungun ọ̀nì yìí. Ó ń jẹ́rìí nípa odò kan tí kò sí mọ́, ó sì ń jẹ́rìí nípa ìgbà kan tí òkun ńlá tí a kó àwọn ará wa gbà lọ sí oko ẹrú kò tí ì sí rárá. Ó yẹ kí a mọ bí a ti ń gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, kí a sì mọ bí a ti ń wọ̀n ọ́n wò kí a tó gbà á.

BÍ A TI ṢE RÍ I

Ní àríwá ilẹ̀ Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè Niger wà, àwa àti àwọn sì jọ pààlà. Bí ènìyàn bá la ilẹ̀ Niger kọjá lọ sí ìhà àríwá títí ó fi kọjá ìlú Agadez, yóò wọ inú apá kan nínú aginjù Sàhárà tí à ń pè ní Ténéré. Yanrìn ni ní ọ̀tún, yanrìn ni ní òsì. Nínú Ténéré yìí ni ibì kan wà tí àwọn Tuareg ń pè ní Gadoufaoua, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni ibi tí ràkúnmí ń bẹ̀rù láti lọ. Ẹ rò ó wò. Bí ràkúnmí, tí ara rẹ̀ bá aginjù mu ju ti gbogbo ẹran ọ̀sìn lọ, bá ń bẹ̀rù ibì kan, kí ni ọ̀nì ń wá níbẹ̀?

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé ni ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa egungun wọ̀nyí. Láàárín ọdún 1946 àti ọdún 1959, Albert-Félix de Lapparent, tí í ṣe àlùfáà Ìjọ Àgùdà tí ó sì tún jẹ́ amòye nípa òkúta àti ilẹ̀, rin aginjù Sàhárà lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ó ń rí eyín, ìpẹ́, àfọ́kù agbárí àti egungun ẹ̀yìn irú ọ̀nì kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1957 a tún rí eyín ńláńlá bẹ́ẹ̀ ní àríwá Niger. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1964, àwọn Faransé kan tí ìjọba wọn rán láti wá ohun àlùmọ́nì tí à ń pè ní yuréníọ̀mù kan agbárí kan ní Gadoufaoua, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé pérépéré. Wọ́n gbé e lọ sí Párísì. Ní ọdún 1966, ìyáàfin France de Broin àti ọ̀gbẹ́ni Philippe Taquet sọ ẹranko náà lórúkọ, wọ́n pè é ní Sarcosuchus imperator. Nínú orúkọ yìí a rí ọ̀rọ̀ fún ẹran ara, ọ̀rọ̀ fún ọ̀nì, àti oyè tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì fi ń pe ọba tí ó wà lórí àwọn ọba. Àwa yóò máa pè é ní Ọ̀nì Ọba.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé báwo ni egungun ṣe lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìjẹrà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kì í ṣe egungun lásán mọ́. Ó ti di òkúta. Nígbà tí ẹranko náà kú, ó rì sí ìsàlẹ̀ odò, àgbàrá sì gbé ẹrẹ̀ àti yanrìn bò ó kí àwọn ẹranko mìíràn tó tú egungun rẹ̀ ká. Ẹran ara rẹ̀ jẹrà. Omi tí ó ní èròjà òkúta nínú sì ń wọ inú egungun náà díẹ̀díẹ̀, ó ń fi èròjà náà sílẹ̀ síbẹ̀, títí egungun fi le bí òkúta tí ó sì wúwo bí òkúta, ṣùgbọ́n tí ìrísí rẹ̀ kò yí padà. Ẹrẹ̀ mìíràn gun orí ẹrẹ̀ ti ìṣáájú, ìwúwo wọn sì sọ gbogbo rẹ̀ di àpáta. Ìgbà tí odò gbẹ, tí ilẹ̀ di aginjù, ni ẹ̀fúùfù bẹ̀rẹ̀ sí í họ àpáta náà, títí egungun fi yọrí síta. Ẹ̀fúùfù kan náà tí kò jẹ́ kí koríko hù ní Ténéré ni ó ṣí ibojì Ọ̀nì Ọba fún wa.

Ìgbà tí ó gbé ayé jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún 110 sẹ́yìn. A mọ̀ pé iye bẹ́ẹ̀ kì í wọ inú orí ènìyàn bọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí a bá fi ìṣẹ́jú àáyá kan ka ọdún kan, tí a kò sì sinmi lọ́sàn-án àti lóru, iye ọdún tí ó ti kọjá láti ìgbà tí a ti bí Olúwa wa yóò tán láàárín ìṣẹ́jú 34. Kí a tó ka ọdún dé ìgbà ayé Ọ̀nì Ọba, yóò gbà wá tó ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀.

BÍ Ó TI RÍ ÀTI BÍ Ó TI GBÉ

Agbárí ti ọdún 1964 kò lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ ara fún wa. Ní ọdún 1997 àti ọdún 2000, amòye ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan, Paul Sereno ti yunifásítì Chicago, kó àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí Ténéré. Wọ́n rí àwọn agbárí mìíràn, àti egungun ẹ̀yìn, egungun ẹsẹ̀ àti ìpẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè mọ nǹkan bí ìdajì gbogbo egungun ara rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2001, nínú ìwé àtìgbàdégbà tí à ń pè ní Science. Ó dùn mọ́ wa láti sọ pé orúkọ ọmọ ilẹ̀ Niger kan, Boubé Gado, wà lára orúkọ àwọn mẹ́rin tí ó kọ ọ́.

Agbárí tí ó tóbi jù nínú àwọn tí a rí gùn tó mítà kan àti ẹsẹ̀ mẹ́fà nínú mẹ́wàá mítà, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ó lé díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí a bá fi wé ti ọ̀nì odò wa. Eyín 35 ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹnu rẹ̀ ti òkè, 31 sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ìsàlẹ̀. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 132. Ojú rẹ̀ wà lókè orí, ó sì kọjú sí òkè, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè ri gbogbo ara rẹ̀ mọ́ inú omi, kí ó sì máa wo bèbè odò láìjẹ́ pé ẹran tí ó wá mu omi rí i. Ní ṣóńṣó imú rẹ̀ egungun náà wú róbótó, ó sì ní ihò nínú bí igbá. Ọ̀nì ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní àwọn odò Íńdíà títí di òní tí akọ rẹ̀ ní kókó lórí imú, a sì máa fi í dún. Ṣùgbọ́n gbogbo agbárí Ọ̀nì Ọba tí a rí ni ó ní ìwúlé yìí, nítorí náà kò dà bí ẹni pé akọ nìkan ni ó ni ín. Bóyá ó fi ń gbóòórùn, bóyá ó fi ń dún, egungun nìkan kò lè sọ ìyẹn.

Láti ọrùn rẹ̀ dé àárín ìrù ni ìpẹ́ eléegun bo ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí ó tóbi jù sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ìpẹ́ wọ̀nyí wúlò fún wa ju bí ẹnikẹ́ni ti lè rò lọ. Bí a bá gé igi ńlá, a máa ń rí ìlà róbótó nínú rẹ̀, ìlà kan fún ọdún kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a rí ìlà nínú ìpẹ́ Ọ̀nì Ọba nígbà tí a là á. Nínú ìpẹ́ ọ̀kan tí kò tí ì dàgbà tán, a ka ìlà tó 40. Èyí fi hàn pé ẹranko náà kò tètè dàgbà. Ó ń gùn sí i fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ọ̀nì òde òní ìbá ti gbó.

Kí ni ó ń jẹ? Nígbà èwe rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹja jẹ́ oúnjẹ rẹ̀, nítorí odò náà kún fún ẹja ńláńlá. Nígbà tí ó bá dàgbà, eyín rẹ̀ nípọn, ó sì lágbára tó láti mú ẹran tí ó wá sí bèbè. Ẹran kò sì wọ́n ní ilẹ̀ náà, nítorí àwọn dáínósọ̀, ẹranko àfàyàfà ayé ìgbàanì, ń rìn kiri níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí à ń pè ní Ouranosaurus, ajewéko tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ga sókè bí ìgbòkun. Èkejì ni Nigersaurus, tí a fi orúkọ ilẹ̀ Niger pè, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ pẹẹrẹ, tí eyín inú rẹ̀ sì ju 500 lọ, ó ń fi í rẹ́ ewéko ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Suchomimus, apẹja onígìgísẹ̀ méjì tí ẹnu tirẹ̀ náà gùn bí ti ọ̀nì. Láàárín irú àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀nì Ọba gbé.

Ohun kan wà tí kò dà bí ẹni pé ó lè ṣe. Ọ̀nì òde òní, bí ó bá ti gbá ẹran mú, a máa yí ara rẹ̀ po nínú omi láti fa ẹran náà ya. Ní ọdún 2014 àwọn amòye kan fi ìṣirò wo bí agbárí Ọ̀nì Ọba ṣe lè fara da irú ìyípo bẹ́ẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹnu gígùn náà kò lágbára tó fún un. Nípa èyí a rí i pé kì í ṣe ọ̀nì tiwa kan náà tí a sọ di ńlá. Ìbátan ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá ńlá ọ̀nì òde òní. Ipò rẹ̀ sí ọ̀nì wa dà bí ti ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó kú láìfi ọmọ sílẹ̀.

NÍ TI BÍ Ó TI GÙN TÓ

Níhìn-ín a bẹ àwọn bàbá àti ìyá kí wọ́n tẹ́tí sílẹ̀, nítorí ibí ni irọ́ ti máa ń wọ inú ìtàn. Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ ó sì rí i nínú ọ̀pọ̀ ìwé, pé Ọ̀nì Ọba gùn tó mítà 12, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 39, àti pé ó wọ̀n tó tọ́ọ̀nù 8. Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó tì í, tí ó sì hùmọ̀ irọ́. Ìwé ti ọdún 2001 ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà ṣírò rẹ̀ nìyí: wọ́n wọn gígùn orí àwọn ọ̀nì òde òní, wọ́n wọn gígùn ara wọn, wọ́n wo iye ìgbà tí orí wọ inú ara, wọ́n sì fi ìṣirò kan náà lọ orí Ọ̀nì Ọba.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019 àwọn amòye mìíràn tún ìwé ìṣirò náà ṣí. Wọ́n wí pé ẹnu ọ̀nì lè gùn tàbí kí ó kúrú gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tí irú ọ̀nì bẹ́ẹ̀ ń jẹ, nítorí náà gígùn orí lè tan ènìyàn jẹ. Ìbú orí ni ó bá ìwọ̀n ara mu jù. Nígbà tí wọ́n fi ìbú orí ṣírò, Ọ̀nì Ọba tí ó tóbi jù di bí mítà 9 sí mítà 9 àti ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ sì di nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3 àti ààbọ̀.

Àwa tí a ti fi ọdún púpọ̀ jókòó ti ìwé owó mọ̀ pé kò sí ìtìjú nínú kí a tún ìṣirò ṣe. Ìtìjú wà fún akọ̀wé tí ó mọ̀ pé àròpọ̀ ti yí padà, tí ó sì ń ka èyí ti àtijọ́ síta nítorí pé ó dùn létí. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ẹsẹ̀ bàtà 39 a máa dùn ún sọ ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ. Síbẹ̀ kí ni àbùkù tí ó wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 30? Ọ̀nì tí ó gùn jù nínú àwọn tí a mú láàyè tí a sì wọ̀n dáradára, èyí tí wọ́n mú ní ilẹ̀ Philippines ní ọdún 2011, gùn ní mítà 6 àti díẹ̀, èyí tí í ṣe bí ẹsẹ̀ bàtà 20. Ó sì wọ̀n ju tọ́ọ̀nù kan lọ díẹ̀. Ọ̀nì Ọba gùn tó irú rẹ̀ kan àti ààbọ̀, ó sì wúwo tó irú rẹ̀ mẹ́ta. Ẹranko tí ó tó bẹ́ẹ̀ kò nílò kí a fi irọ́ kún un. Bí ọmọ yín bá bi yín pé báwo ni ó ti gùn tó, ẹ sọ iye tí ó kéré jù náà fún un, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀RÍ TÍ Ó WÀ NÍ ÒDÌKEJÌ ÒKUN

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá jù. Ní òdìkejì òkun, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, Bahia ni a ń pe ìpínlẹ̀ kan tí olú ìlú rẹ̀ ń jẹ́ Salvador. Ilẹ̀ tí ó yí ibùdókọ̀ òkun rẹ̀ ká ni à ń pè ní Recôncavo. Àwọn ọmọ Yorùbá kò lè gbàgbé orúkọ yìí, nítorí ní oko ìrèké ibẹ̀ àti ní ìgboro Salvador ni a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ará wa lọ láti fi wọ́n ṣe ẹrú, títí di ìdajì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì padà wá sí Èkó lẹ́yìn náà pẹ̀lú orúkọ tí ẹ mọ̀ títí di òní, èyí tí í ṣe Àgùdà.

Nínú àpáta Recôncavo yìí ni Charles Frederick Hartt, amòye kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ti rí eyín ọ̀nì ńlá kan tí ó ti di òkúta. Ó fi wọ́n ránṣẹ́ sí Othniel Charles Marsh, òun sì fún ẹranko náà ní orúkọ ní ọdún 1869, ó rò pé ọ̀kan nínú irú àwọn ọ̀nì òde òní ni. Wọ́n rí egungun àgbọ̀n àti ìpẹ́ lẹ́yìn náà, wọ́n gbé wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún 1907 a sì tún orúkọ náà pa dà. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1977. Nígbà náà ni Philippe Taquet, ẹni tí ó ti bá wọn sọ Ọ̀nì Ọba lórúkọ, àti Eric Buffetaut fi egungun ti Bahia wé ti Ténéré. Wọ́n rí i pé irú kan náà ni. Láti ìgbà náà ni à ń pe èyí ti Bràsíìlì ní Sarcosuchus hartti, ìbátan tímọ́tímọ́ fún Ọ̀nì Ọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpáta ti Bahia pẹ́ díẹ̀ ju ti Ténéré lọ.

Báwo ni ọ̀nì kan ṣe lè wà ní bèbè méjèèjì òkun ńlá? Ẹni tí ó ń ṣiyèméjì lè sọ pé ọ̀nì mìíràn a máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi iyọ̀, òtítọ́ sì ni. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rí ọ̀nì nìkan dájọ́. Ẹ jẹ́ kí a pe ẹlẹ́rìí kejì. Ẹja ńlá kan wà tí à ń pè ní Mawsonia, ìbátan ẹja kan tí gbogbo amòye rò pé ìran rẹ̀ ti kú tán, títí a fi rí ọ̀kan láàyè ní etíkun Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1938. Inú àpáta Bahia ni a ti kọ́kọ́ rí egungun Mawsonia, a sì tún rí irú rẹ̀ nínú àpáta Niger, níbi tí Ọ̀nì Ọba gbé. Ọ̀nì kan, ẹja kan, ní ilẹ̀ méjì. Lẹ́yìn wọn, ẹ pe ẹlẹ́rìí kẹta, àwòrán ayé tí ó wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ wo ibi tí Bràsíìlì ti yọ sínú òkun, kí ẹ sì wo ibi tí etíkun wa ti yà wọ inú láti Èkó lọ sí Kamẹrúùnù. Bí a bá sún wọn súnmọ́ ara wọn, wọn yóò bá ara wọn mu bí àfọ́kù igbá méjì.

Ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Alfred Wegener, wí ní ọdún 1912 pé ilẹ̀ méjèèjì ti jẹ́ ọ̀kan rí. Ọ̀pọ̀ amòye kò gbà á gbọ́ nígbà náà, nítorí kò lè sọ ohun tí ó lágbára tó láti ti odindi ilẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1930, ọ̀rọ̀ náà sì wà ní ìdúró. Òkè gígùn kan wà lábẹ́ omi ní àárín òkun Àtìláńtíìkì, lẹ́yìn ikú rẹ̀ sì ni wíwọn ìsàlẹ̀ òkun fi hàn pé ilẹ̀ là níbẹ̀, pé òkúta yíyọ́ ń ti inú ayé jáde, ó ń le, ó sì ń yọ̀ǹda àyè fún òmíràn, tí ìsàlẹ̀ òkun fi ń fẹ̀ sí i ní ìhà méjèèjì. Kò yára. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni lọ́dún kan, bí èékánná ìka wa ti ń gùn. Ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ́dún, fún mílíọ̀nù ọdún 100, jẹ́ kìlómítà ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ìyẹn ni òkun. Nígbà tí Ọ̀nì Ọba ń gbé ayé, lílà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ṣáájú rẹ̀, ẹranko lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀ kan dé èkejì, ẹja odò sì lè wẹ̀ kọjá.

Àwọn ará wa tí a dè mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ la omi náà kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fojú kan ilẹ̀ mọ́. Lójú wọn kò sí ohun tí ó jìnnà tó ìyẹn láyé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wọn pé inú àpáta tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn ní Recôncavo ni egungun ọ̀nì kan wà, tí ìbátan rẹ̀ wà nínú àpáta ní àríwá ilẹ̀ tí a ti jí wọn kó. Ìmọ̀ náà kì bá tí tú ìdè ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn ọmọ wọn mọ̀ ọ́n, ní ìhìn-ín àti ní ọ̀hún.

ODÒ TÍ Ó GBẸ

Ọ̀nì Ọba ti lọ, odò rẹ̀ náà sì ti lọ. Ilẹ̀ Sàhárà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Ní ọdún 2000, nígbà tí àwọn ènìyàn Sereno ń wá egungun dáínósọ̀, wọ́n ṣèèṣì dé ibì kan ní Ténéré tí à ń pè ní Gobero, wọ́n sì bá ibojì ènìyàn ní etí adágún kan tí ó ti gbẹ. Àwọn tí ó pẹ́ jù nínú wọn ti sùn níbẹ̀ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá, a sì rí egungun ẹja, ti erinmi àti ti ọ̀nì òde òní ní àyíká wọn. Omi ti padà sí aginjù nígbà náà, ó sì tún gbẹ. Títí di àkókò wa yìí ọ̀nì díẹ̀ ṣẹ́kù nínú kòtò omi kan láàárín àpáta Ennedi ní ilẹ̀ Chad, yanrìn sì yí wọn ká. Wọn kò tóbi, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde.

Àwọn egungun tí ẹ̀fúùfù ṣí sílẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Oòrùn ọ̀sán ń lu wọ́n, òtútù òru ń là wọ́n, yanrìn sì ń ha wọ́n, títí wọn yóò fi di eruku. Ní Niamey, olú ìlú Niger, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà láti ọdún 1959, tí à ń fi orúkọ Boubou Hama pè, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ti lè fi ojú ara wọn rí egungun dáínósọ̀ tí a wà ní ilẹ̀ wọn. Agbárí ti ọdún 1964 ti kọ́kọ́ gba Párísì lọ kí ẹnikẹ́ni tó lè kà á. Ó dára kí àlejò kọ́ wa ní ìmọ̀. Yóò dára jù bí orúkọ bí ti Boubé Gado bá pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí, kí ó má baà jẹ́ pé àwa ni a ni ilẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò sì máa sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa.

Ẹ má sì ṣe rò pé Ténéré nìkan ni irú ẹ̀rí yìí wà. Ní Sókótó, nínú orílẹ̀-èdè tiwa, a rí egungun irú ọ̀nì òkun kan tí a sọ ní Sokotosuchus ní ọdún 1975, èyí tí ó fi hàn pé òkun ti dé Sókótó rí. Ní Ewékorò, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń wa òkúta ẹfun tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ìkarahun àwọn ẹ̀dá òkun wà nínú òkúta náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun jìnnà sí ibẹ̀ lónìí. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ti odò tàbí ti ibi ìwalẹ̀ mú òkúta kan wálé tí ó ní àmì bí ìkarahun, bí eyín tàbí bí egungun, ẹ má ṣe jù ú nù, ẹ má sì ṣe lé e síta pé ó kó ẹrù ìdọ̀tí wọlé. Ẹ bi í léèrè ibi tí ó ti rí i gan-an, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó rí i, kí ẹ sì gbé òkúta náà tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ. Eyín díẹ̀ ni Hartt fi bẹ̀rẹ̀ ní Bahia.